Àǹtí, èèyàn tó ń fọ́lò mi pọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, mo ti ka lẹ́tà ẹ dáadáa, ó sì dùn mí fún ẹ. Káwọn tó kù lè mọ ibi tọ́rọ̀ wà, ohun tó o sọ rèé: awọ lo fi ń ṣe báàgì, ọwọ́ ẹ lo fi ń rán an, o sì ṣí péèjì Instagram kan fún un. Ọ̀rẹ́ ẹ kan wá sọ fún ẹ pé kò sẹ́ni tó máa fojú gidi wo ẹni tí èèyàn 300 péré ń fọ́lò, lo bá mú nínú owó tíwọ àti ọkọ ẹ jọ ń tọ́jú láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ míì, o fi ra fọ́lówà. Ní báyìí wọ́n ti lé ní 12,000, àmọ́ tó o bá gbé báàgì tuntun síta, èèyàn méje mẹ́jọ ló ń láìkì ẹ̀, àbúrò ẹ wà níbẹ̀. Ọkọ ẹ ò tíì mọ̀ pé owó yẹn ti lọ. O máa ń jí lóru wo fóònù. Ẹnì kan wà tẹ́ ẹ jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, fọ́lówà tiẹ̀ ò pé 2,000, ó sì ń tà, inú ń bí ẹ sí i, ojú tún ń tì ẹ́ pé inú ń bí ẹ. O wá ní ṣé kó o pa gbogbo ẹ̀ tì ni.

Má pa á tì o. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ò níṣòro, ìwọ fúnra ẹ lo sọ pé ẹni tó bá ra ọ̀kan máa ń padà wá ra òmíì tàbí kó mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá, ọ̀pọ̀ tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ò ní irú ẹ̀. Ibi tó ti wọ́ ni pé iye lo lọ ń wá nígbà tó jẹ́ pé èèyàn lo nílò, o sì ti ní wọn kó o tó náwó kankan, nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù ẹ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn 12,000 yẹn ń ṣe fún ẹ, torí ó dà bíi pé èrò ẹ ni pé bí wọn ò bá tiẹ̀ ṣàǹfààní wọn ò lè ṣèpalára. Wọ́n ń ṣèpalára. Nígbà tí Instagram bẹ̀rẹ̀ ní 2010, bí nǹkan ṣe ń jáde ni wọ́n ń tò ó, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nǹkan síta ló máa ń wà lókè. Láti 2016 ni wọ́n ti yí ìyẹn padà, ẹ̀rọ ló ń ronú lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan pé kí lẹni yìí máa fẹ́ rí, ohun táwọn èèyàn bá sì ń ṣe ló fi ń mọ̀ ọ́n. Adam Mosseri tó jẹ́ ọ̀gá Instagram ti sọ ọ́ ní gbangba pé lára ohun táwọn ń wò jù ni bó ṣe pẹ́ tó téèyàn fi wo nǹkan, láìkì, àti kéèyàn mú un kó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Facebook náà ti ṣe tiẹ̀ ní January 2018, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí àtọ̀rẹ́ làwọn á máa gbé síwájú ju ti péèjì àwọn iléeṣẹ́ lọ. Ṣé o wá rí i? Ayédèrú fọ́lówà ò lójú tó fi ń wo fídíò, kò ní ọ̀rẹ́ tó máa fi báàgì ẹ ránṣẹ́ sí. Ère lo tò síwájú ìsọ̀ ẹ, ẹni tó ń kọjá lọ rí èrò lóòótọ́, àmọ́ tó bá sún mọ́ ọn tí kò gbọ́ ohùn ẹnì kankan, á bá tiẹ̀ lọ.

Wọn kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ní December 2014, Instagram pa àwọn àkáǹtì ayédèrú rẹpẹtẹ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn olórin tó lókìkí gan-an pàdánù ọ̀kẹ́ àìmọye fọ́lówà, láti ìgbà yẹn wọn ò sì dáwọ́ ẹ̀ dúró. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ìtìjú, òfin FTC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà níbẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní October 2024 ti ka kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ máa ra ayédèrú fọ́lówà tàbí kó máa tà á nítorí ọjà léèwọ̀.

Èmi ò ní sọ pé kó o jókòó máa yọ 12,000 èèyàn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Má sì lo àwọn áàpù tó ní àwọn á bá ẹ yọ wọ́n, torí páswọ́ọ̀dù ẹ ni wọ́n máa gbà, Instagram sì lè ti àkáǹtì ẹ pa nítorí ẹ̀. Ohun tí mo rò pé ó dáa jù ni kó o ṣí péèjì tuntun, kó o kọ ọ́ sórí ti àtijọ́ pé ibí yìí lo kó lọ, kó o fi í sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀, kó o sì lọ máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Mo mọ̀ pé á dùn ẹ́ nígbà tó o bá rí i tí wọ́n kọ 14 síwájú ibi tí wọ́n ti ń kọ 12,000 tẹ́lẹ̀. Fara dà á. Èèyàn 14 tó ti gbé báàgì ẹ rìn rí máa ṣe ẹ́ lóore tí 12,000 yẹn ò ní ṣe láéláé.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an la dé yìí o, nítorí náà fara balẹ̀. Jókòó, kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti ra báàgì lọ́wọ́ ẹ rí tó o bá rántí, kọ èyí tó rà síwájú orúkọ ẹ̀. Wá kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Má ṣe kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó o wá dà á sí gbogbo wọn, ẹni tí wọ́n bá da ọ̀rọ̀ sí máa ń mọ̀, bó bá sì jẹ́ broadcast orí WhatsApp lo lò, ẹni tí ò bá tọ́jú nọ́ńbà ẹ ò ní rí i rárá. Pe onítọ̀hún lórúkọ, béèrè bí báàgì yẹn ṣe ń ṣe sí, ṣé ọwọ́ ẹ̀ ò tíì já, ṣé sípù ẹ̀ ṣì ń lọ geere, kí ló máa ń kó sínú ẹ̀. Tó bá ní ohun tó bà jẹ́, ní kó gbé e wá, bá a tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni kó o wá sọ pé o ti ṣí péèjì tuntun, o sì máa fẹ́ kó wà níbẹ̀, tó bá sì lè ya fọ́tò ibi tó ti ń lò ó ránṣẹ́ sí ẹ, ṣé ó gbà kó o gbé e síta? Àwọn kan ò ní dáhùn, kò sí wàhálà. Àwọn tó bá dáhùn yẹn ni ìpìlẹ̀ ẹ, àwọn ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lábẹ́ ohun tó o bá gbé síta, ẹni tí ò mọ̀ ẹ́ rí á kà á, á sì rí i pé ọ̀rọ̀ ẹni tó lo ọjà ni.

Mo wo àwòrán tó o fi sínú lẹ́tà ẹ, gbogbo ohun tó o ń gbé síta jọra wọn, báàgì kan lórí aṣọ funfun, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni «ó wà nílẹ̀, ẹ wá sí DM», ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé síni ní ìkọ̀kọ̀. Báàgì yẹn rẹwà, mi ò purọ́, àmọ́ kí lẹni tó rí i fẹ́ sọ sí i? Kò sí ibi téèyàn máa gbà wọlé sínú ọ̀rọ̀ yẹn. Gbé fóònù ẹ sójú kan nígbà tó o bá ń gé awọ, jẹ́ ká rí ọwọ́ ẹ, jẹ́ ká gbọ́ ohùn ẹ. Fi hàn wá bó o ṣe máa ń mọ awọ tó máa pẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó máa bó láàárín oṣù díẹ̀. Fi hàn wá ibi tí ọwọ́ báàgì ti sábà máa ń já àti ohun tó o máa ń ṣe síbẹ̀ kó má bàa já. Báàgì tí wọ́n gbé padà wá kó o bá wọn tún un ṣe, ya fídíò ẹ̀ látìgbà tó o ti tú u títí tó o fi rán an tán, irú ẹ̀ làwọn èèyàn máa ń wò dópin tí wọ́n á tún fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wọn tí báàgì tiẹ̀ náà ti já. Tó ò bá sì mọ ohun tó o máa sọ, ṣí DM ẹ, ìbéèrè ló kún ibẹ̀: ṣé á gba kọ̀ǹpútà, tí omi bá dà sí i ńkọ́, ṣé wọ́n lè fọ̀ ọ́. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, fídíò kan. Mi ò sì fara mọ́ ká máa fi iye tí wọ́n ń ta nǹkan pa mọ́ sínú DM, gbé e síta gbangba, ẹni tí owó ẹ̀ ò tíì pé á mọ iye tó máa tọ́jú, ẹni tówó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó pé bóyá ojú lo máa wò kó o tó dá iye.

Tó o bá fẹ́ káwọn èèyàn sọ̀rọ̀, bi wọ́n ní ohun tí wọ́n lè dáhùn láìronú púpọ̀, tí ìdáhùn wọn á sì yí nǹkan kan padà. Gbé òwú méjì sórí awọ kan, bi wọ́n pé èwo ni kó o fi rán an. Èyí tí wọ́n bá mú, fi rán an lóòótọ́, wá fi báàgì yẹn hàn, kó o dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo ohun tó kù lọ, torí ẹni tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ òun di báàgì ò ní gbàgbé ẹ mọ́, bóyá ó rà á bóyá kò rà á.

Tí wọ́n bá wá sọ̀rọ̀, dá wọn lóhùn, gbogbo wọn pátá, má kàn fi àwòrán ọkàn pupa sílẹ̀ kó o lọ. Kọ gbólóhùn kan tó fi hàn pé o ka ohun tó kọ, tó bá ṣeé ṣe, bi í ní nǹkan kan padà. Iṣẹ́ ni lóòótọ́, iṣẹ́ yẹn sì ni ẹni tínú ń bí ẹ sí yẹn ń ṣe. Lọ sí péèjì ẹ̀ lónìí, má wo báàgì ẹ̀, wo ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán báàgì, wo bó ṣe ń dá àwọn èèyàn lóhùn. Mo rò pé inú ẹ á rọ̀ tó o bá ti rí i pé ohun tó ń ṣe kì í ṣe àràmàǹdà, ohun tíwọ náà lè ṣe ni. Máa lọ sí péèjì àwọn ẹlòmíì náà, pàápàá àwọn tó ń lo báàgì lójoojúmọ́, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àwọn arìnrìn-àjò, kó o sọ ohun tó nítumọ̀ síbẹ̀, kó má jẹ́ «ẹ fọ́lò mi padà». Kúrò nínú àwọn gúrúùpù fọ́lò-mi-kí-n-fọ́lò-ẹ yẹn, àwọn yẹn náà ọjà tiwọn ni wọ́n wá tà. Pínpín ọjà lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè fọ́lò ẹ, mi ò gbà ẹ́ nímọ̀ràn ẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni wọ́n wá. Ohun tó o bá fẹ́ fi tọrẹ, fún ẹni tó ti ra ọjà ẹ rí.

O béèrè pé ẹ̀ẹ̀mélòó ló yẹ kó o máa gbé nǹkan síta. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó fún ẹni tó tún fẹ́ fọwọ́ rán báàgì. Ti háṣítáàgì, mẹ́ta mẹ́rin tó bá ọ̀rọ̀ mu, ká fi síbẹ̀.

Ní ìwé kan, ìwé gidi, tí nọ́ńbà àti ímeèlì àwọn kọ́sítọ́mà ẹ wà nínú ẹ̀. Ní October 4, 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú pa pọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ẹni tí gbogbo kọ́sítọ́mà ẹ̀ wà níbẹ̀ ò rí ọ̀nà kankan dé ọ̀dọ̀ wọn. Inú ìwé yẹn náà ni kó o ti máa kọ àwọn tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àwọn tó padà wá, àwọn tí ọ̀rẹ́ wọn júwe ẹ fún. Iye tó yẹ kó o máa wò nìyẹn, má wo ti fọ́lówà mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ ẹ ló wúwo jù nínú lẹ́tà ẹ lójú tèmi, bó o tiẹ̀ kọ ọ́ ní ìlà kan péré. Sọ fún un. Má dúró dìgbà tó máa béèrè pé ẹ̀rọ ìránṣọ dà, torí nígbà yẹn ọ̀rọ̀ á kúrò lórí owó, á di pé o fi nǹkan pa mọ́ fún un. Wá àkókò tí kò sẹ́ni tó ń sáré lọ síbì kankan, sọ iye tó jẹ́, má gé e kù, sọ ohun tó o rò nígbà tó o ná an, sọ ohun tó o fẹ́ ṣe báyìí àti bó o ṣe máa dá owó yẹn padà díẹ̀díẹ̀ látinú báàgì. Ó lè bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, owó ẹ̀yin méjèèjì ni, jẹ́ kó bínú tán, má bẹ̀rẹ̀ sí í wí àwíjàre. Mo rò pé ìdajì ohun tó ń jí ẹ lóru ni ọ̀rọ̀ yìí, ti láìkì ò tó bẹ́ẹ̀. Fóònù yẹn náà, gbé e sí yàrá míì tó o bá fẹ́ sùn, yan àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ láti fi dá àwọn èèyàn lóhùn, ẹni tó bá kọ̀wé sí ẹ láàárín òru lè dúró dilẹ̀ mọ́.

Ó ku ti ìsàlẹ̀ lẹ́tà ẹ, ẹni tó ní tó o bá fún òun ní páswọ́ọ̀dù ẹ, òun á bá ẹ wá 10,000 fọ́lówà «tó jẹ́ èèyàn gidi», òun á sì bá ẹ gba àmì búlúù tó ń fi hàn pé ẹni tó ni àkáǹtì ló ń lò ó lóòótọ́. Má fún un. Láti 2023 ni Meta tó ni Instagram fúnra wọn ti ń ta àmì búlúù yẹn lóṣooṣù nínú áàpù wọn, kò sí ìdí tí àjèjì fi gbọ́dọ̀ bá ẹ gbà á. Tó o bá sì ti fún un kí ìdáhùn yìí tó dé ọwọ́ ẹ, yí páswọ́ọ̀dù yẹn padà nísinsìnyí, ti ímeèlì ẹ náà tó bá jẹ́ ọ̀kan náà lò ń lò, wá lọ sínú settings, lé gbogbo fóònù tí kì í ṣe tìẹ kúrò, kó o sì tan two-factor sílẹ̀, ìyẹn èyí tó máa ń béèrè kóòdù lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù.