Hilux lọ́nà àkùrọ̀: ẹ má tíì ra winch yẹn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa Hilux 2012 tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún ọ̀nà oko lápá Òkè-Ògùn. Ẹ ní owó ọwọ́ yín kò lè ṣe nǹkan méjì pọ̀: ṣé kí ẹ kọ́kọ́ ra winch (ẹ̀rọ oníná tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú ọkọ̀, tó ń ká okùn láti fi fa ọkọ̀ jáde) ni, àbí kí ẹ gbé ọkọ̀ náà sókè ní íńṣì 2? Mo ka ohun tí àwọn tó ṣáájú mi sọ, ẹni mẹ́ta ló ní kí ẹ ra winch. Èmi ní kí ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ yẹn, kí ẹ wo ibi tí ẹ máa so okùn mọ́ lọ́jọ́ tó bá rì.

Ohun tí ojú mi rí ló ń mú mi sọ̀rọ̀ báyìí. Oṣù kẹsàn-án 2019, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11 nígbà náà, a ń bọ̀ láti oko wa lẹ́yìn Ìgbòho. A kó iṣu tuntun sẹ́yìn ọkọ̀, ó lé ní igba. Òjò ti rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Àkùrọ̀ kan wà lójú ọ̀nà yẹn, kò fẹ̀ ju ìṣísẹ̀ ogójì lọ, kẹ̀kẹ́ lásán ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo wo ojú omi, mo rò pé kò jìn, mo sáré wọ̀ ọ́. A kò tíì dé ìdajì tí iwájú ọkọ̀ fi rì. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Táyà ń yí lójú kan, ẹrẹ̀ ń fò kọjá orí ọkọ̀. Nígbà tí táyà bá ń yí tí ọkọ̀ kò sì kúrò lójú kan, kòtò lẹ ń gbẹ́ fún ara yín. Kí n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹrẹ̀ ti mu ikùn ọkọ̀. Èyí tó mu táyà nìkan, ẹ ṣì lè bá a jà. Èyí tó bá mu ikùn, ńṣe ló ń fa ọkọ̀ mọ́ra bí ọmọ ṣe ń fa ọmú.

Mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì kan tí wọ́n kọ sára pátákó ní títì. Ẹni tó gbé e ní kí n sọ nọ́ńbà òpó kìlómítà tó wà nítòsí mi. Mo ní ọ̀nà oko ni mo wà, kò sí òpó. Ìgbà mẹ́rin ni mo pè, ìgbà mẹ́rin ló béèrè òpó, ó wá ní wọ́n ń bọ̀. A sùn sínú ọkọ̀ mọ́jú. Ẹ̀fọn jẹ ọmọ mi títí ojú rẹ̀ fi wú. Kò sẹ́ni tó wá. Ó ṣì ń bí mi nínú títí dòní, torí ká ní wọ́n sọ fún mi tààrà pé àwọn kì í wọ ọ̀nà oko, ǹ bá ti fẹsẹ̀ rìn lọ wá èèyàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ gba nọ́ńbà ẹni tó ní katakata ní abúlé tó sún mọ́ oko yín, kí ẹ sì máa kí i déédéé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan gba ibẹ̀ kọjá nínú jíìpù ńlá kan, gbogbo irinṣẹ́ tó dára ló wà lórí rẹ̀. Ó ní òun ti kọ́ iṣẹ́ fífa ọkọ̀. Lóòótọ́, okùn tó mú jáde, ojúlówó ni, irú èyí tó ń nà bíi rọ́bà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn jíìpù rẹ̀ kò ní ibi tí èèyàn lè so okùn mọ́ àfi bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń fa tírélà kékeré. Ó fi ojú okùn kọ́ bọ́ọ̀lù yẹn. Mo béèrè pé ṣé yóò gbà á. Ó ní kí n lọ jókòó nídìí ọkọ̀ mi, kí n má kọ́ òun níṣẹ́ òun. Mo dákẹ́. Ọmọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú. Ó fa lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ kò mì. Mo wá sọ fún ọmọ pé kó bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Ohun tí mo ṣe pè é sílẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ewu tó wà níwájú wa.

Ó padà sẹ́yìn kí okùn lè dẹ̀, ó wá sáré lọ. A gbọ́ ìró kan bí ìbọn. Ọrùn bọ́ọ̀lù yẹn ti kán. Okùn tó ti nà tẹ́lẹ̀ fà á padà bíi kànnàkànnà, ó gba gíláàsì iwájú ọkọ̀ mi wọlé, ó sì ya ìrọrí ìjókòó tí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Mo ṣì ní bọ́ọ̀lù yẹn nílé. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ má so okùn mọ́ bọ́ọ̀lù tírélà, yálà ti ọkọ̀ yín tàbí ti ẹni tó fẹ́ fà yín. Irin rọ́bọ́tọ́ tín-ín-rín tí ẹ máa rí lábẹ́ ọkọ̀, tí wọ́n fi ń dè é mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe fún fífà nínú ẹrẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà jó húùkù mọ́ bọ́ńpà fún yín. Ẹ ra ibi ìso méjì tí wọ́n dìídì ṣe fún Hilux yẹn, tí bóòtì líle dè mọ́ ṣáásì. Shackle (irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, tí wọ́n fi ń so okùn mọ́ ọkọ̀) tí ẹ máa lò, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ sí i lára. 4.75T (tọ́ọ̀nù 4.75) ló wọ́pọ̀ fún irú ọkọ̀ yìí. Èyí tí kò ní nọ́ńbà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Okùn tó ń nà, kó lè gbé ìlọ́po 2 sí 3 ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀. Hilux tó kún fún iṣu lè sún mọ́ tọ́ọ̀nù 3, nítorí náà okùn tọ́ọ̀nù 8 dára. Bí okùn méjì bá fẹ́ di ọ̀kan, ẹ má fi shackle so wọ́n pọ̀, torí bí okùn bá já, shackle náà á di ọta ìbọn. Ẹ gbé àpò tó wúwo lé àárín okùn. Kí gbogbo èèyàn jìnnà ju gígùn okùn náà lọ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sínú ọkọ̀ àfi awakọ̀.

Ohun tó yọ wá níkẹyìn kò tilẹ̀ jẹ mọ́ okùn. Bàbá àgbẹ̀ kan dé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ọkọ́ àti àdá ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ kó iṣu sílẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀ kúrò níwájú táyà àti lábẹ́ ikùn, wọ́n to ẹ̀ka igi sílẹ̀. Bàbá náà wá ní kí n tú afẹ́fẹ́ táyà. Mo kọ̀ fún un, mo rò pé á ba táyà jẹ́. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà. Nígbà tí mo tú u dé nǹkan bíi 18 psi (òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà), táyà fẹ̀ sílẹ̀, ó di ilẹ̀ mú, mo wá fi gíà kékeré 4L wọ́ ọ jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá rí i pé ṣọ́bìrì, géèjì táyà àti pọ́ǹpù tó ń lo bátìrì ọkọ̀ ló yẹ kó gba owó yín ṣáájú winch. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ padà sí i kí ẹ tó sáré ní títì. Ẹ má sì fi 4x4 (gíà tó ń mú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fa ọkọ̀) sáré lórí títì ọlọ́dà gbígbẹ, ó ń pa gíà.

Lórí táyà, ẹ ra all-terrain gidi, ìyẹn táyà tó lè rìn ní títì àti lọ́nà oko. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT lára rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹni tó tà á fún mi ti fi ọ̀dà dúdú kun tèmi, ó ń dán bíi tuntun, ọdún rẹ̀ sì ti tó mẹ́sàn-án.

Mo ra winch lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjà kan l'Ékòó. Ẹni tó tà á ní bátìrì mi tó o. Nígbà tí winch bá fà tipátipá, ó lè gba iná 400 amps. Bátìrì mi kú ní ìṣẹ́jú díẹ̀, nínú àkùrọ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí igi kankan nítòsí tí mo lè so ó mọ́. Bí ẹ bá tilẹ̀ máa rà á lọ́jọ́ iwájú, kí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìwọ̀n ọkọ̀, kí bọ́ńpà tó máa gbé e sì jẹ́ irin tó wà mọ́ ṣáásì.

Ti gbígbé ọkọ̀ sókè, ikùn rẹ̀ á ga, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irin ẹ̀yìn tó gbé táyà kò ní kúrò níbi tó wà. Táyà tó tóbi nìkan ló lè gbé ìyẹn sókè. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí mẹkáníìkì fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí diff (ilé gíà tó wà láàárín irin ẹ̀yìn yẹn) fi ń mí sókè dé inú bónẹ́ẹ̀tì. Bí irin gbígbóná yẹn bá wọ omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì, á sì fa omi wọlé. Èmi tú tèmi lẹ́yìn oṣù méjì, epo inú rẹ̀ ti funfun bí omi ògì.

Ẹ ya àwòrán abẹ́ bọ́ńpà iwájú, kí ẹ fi síbí. Mo fẹ́ wo ihò bóòtì tó wà lára ṣáásì yín kí ẹ tó sanwó fún ibi ìso èyíkéyìí.