Kí ẹ tó dáwó jọ ra katakátá kékeré

Ẹ ní àgbẹ̀ mẹ́fà ni yín, oko kálukú ò tó hẹ́kítà méjì, ẹ sì fẹ́ dáwó ra katakátá ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí èèyàn ń rìn tẹ̀ lé lẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo irú ẹ̀rọ yìí lóko ara mi, mo sì ń fi ṣiṣẹ́ owó fún àwọn ẹlòmíì. Ẹ rà á, àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo.

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ọ̀sẹ̀ kan náà ni gbogbo yín máa fẹ́ túlẹ̀. Ìjà dé nìyẹn. Ìtọ́jú ẹ̀rọ tún wá le jùyẹn lọ. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kékeré wọ̀nyí, abọ́ kan wà níbi tó ti ń fa atẹ́gùn, ọ́ìlì inú rẹ̀ ló ń mú eruku. Ẹ ki ìka bọ̀ ọ́. Tó bá ń ha yín lọ́wọ́, ẹ dà á nù, kí ẹ fọ abọ́ náà, kí ẹ rọ òmíràn sí i. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ẹgbẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n wà, kò sẹ́ni tó ń ṣí abọ́ yẹn. Eruku jẹ ríìngì písítìnnì inú ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rọ ń rú èéfín, kò lágbára mọ́. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ayé kì í ní olùtọ́jú.

Ní Bangladesh, orílẹ̀-èdè kan ní Éṣíà, lẹ́yìn tí omíyalé àti ìjì pa ọ̀pọ̀ màlúù tí wọ́n fi ń túlẹ̀ lọ́dún 1988, ìjọba mú kó rọrùn láti kó ẹ̀rọ wọ̀nyí wọlé láti Ṣáínà. Kì í ṣe pé gbogbo àgbẹ̀ ló ra tiẹ̀ o. Àwọn díẹ̀ rà á, wọ́n ń gbowó túlẹ̀ fún àwọn ìyókù.

Ẹ̀yin náà, kí ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀rọ jù nínú yín rà á, kí àwọn márùn-ún yòókù san owó ìtúlẹ̀ sílẹ̀ fún un ṣáájú òjò, kí ẹ sì ṣẹ́ kèké lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ túlẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ rà á kọ́kọ́ wádìí ibi tí yóò ti máa rí bẹ́líìtì, bíárìn àti ọ̀bẹ ìtúlẹ̀ rà, àti mẹkáníìkì tó mọ ẹ́ńjìnnì náà. Bí kò bá rí wọn nítòsí, kó yan irú mìíràn, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Kí kálukú hú kùkùté oko rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé, torí kùkùté ló ń ṣẹ́ ọ̀bẹ. Tí ìtúlẹ̀ bá tán, ẹni tó ni ẹ̀rọ lè fi ẹ́ńjìnnì náà fa omi tàbí pakà, kí owó rẹ̀ lè tètè padà.