Ṣé ẹ̀rọ ti ń tẹ kíndìnrín jáde lóòótọ́?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé ní ọdún kan tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn ní ilé ìwòsàn, nítorí pé kíndìnrín wọn méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àbúrò wa obìnrin ti gbà láti fún wọn ní ọ̀kan nínú tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò ní jẹ́ kí ọ̀bẹ kan ara rẹ̀ nítorí tàwọn, pé ẹ̀rọ ti ń tẹ kíndìnrín jáde ní Amẹ́ríkà. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Kí Ọlọ́run fún ẹ̀gbọ́n yín ní ìlera. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní 3D printer, tó ń to nǹkan ní ìpele-ìpele títí yóò fi di odindi. Kò tíì sí ibì kan láyé yìí tí a ti fi kíndìnrín tí ẹ̀rọ yìí tẹ̀ sí ara ènìyàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí fún wọn lónìí.

Ibi tí mo rò pé ìròyìn náà ti ṣẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí Dókítà Anthony Atala, ti ilé ìwádìí Wake Forest ní ìpínlẹ̀ North Carolina, sọ níwájú èrò ní oṣù Kẹta ọdún 2011. Ó gbé ohun kan tó rí gẹ́lẹ́ bí kíndìnrín, tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, dání kí gbogbo èrò rí i, àwọn oníròyìn kan sì kọ ọ́ bí ẹni pé kíndìnrín tó ń ṣiṣẹ́ ni. Ìrísí kíndìnrín nìkan ló ní. Kò lè sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ yìí ti ṣe fún aláìsàn kò kéré. Ní ọdún 2012, àwọn dókítà Yunifásítì Michigan fi í ṣe ohun ìgbéró kékeré kan fún ọmọ ìkókó tí ọ̀nà èémí rẹ̀ máa ń wó pọ̀. Wọ́n rán an yí ọ̀nà èémí náà ká láti ìta kí ó lè máa wà ní ṣíṣí, ohun tí wọ́n sì fi ṣe é jẹ́ irú èyí tí yóò yọ́ mọ́ ara díẹ̀díẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta, nígbà tí ọ̀nà èémí ọmọ náà yóò ti le fúnra rẹ̀. Inú mi máa ń dùn nígbàkígbà tí mo bá rántí ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí sẹ́ẹ̀lì alààyè kankan, ìyẹn àwọn ègé wínníwínní tó para pọ̀ di ara wa, nínú ohun ìgbéró náà.

Ẹran ara alààyè ló ṣòro láti tẹ̀. Wọ́n máa ń po sẹ́ẹ̀lì mọ́ ohun tó rọ̀ bí ẹ̀kọ, tí wọ́n lè fà jáde lára ewéko inú òkun, ẹ̀rọ a sì máa tò ó ní ìpele-ìpele bí ìgbà tí ènìyàn bá ń mọ ògiri alámọ̀. Ẹni tó ń mọ ògiri lè dúró kí ìpele kan gbẹ kó tó gbé òmíràn lé e. Sẹ́ẹ̀lì kò ṣeé fi dúró bẹ́ẹ̀, nítorí pé èyí tó bá fi ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà jìnnà sí ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ́síjìn tó, yóò sì kú. Kíndìnrín kan ṣoṣo sì ní asẹ́ wínníwínní tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan, tí òpó ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín ju irun orí lọ lọ́ pọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Títẹ àwọn òpó wọ̀nyí, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa ṣàn nínú wọn láìdì, ni àwọn olùwádìí ṣì ń làágùn lé lórí.

Nítorí náà, kí ẹ̀gbọ́n yín má ṣe pa ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀ kankan jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ san owó sílẹ̀ de kíndìnrín tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀, ẹ má ṣe fún un ní kọ́bọ̀. Ní ti àbúrò yín, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ara rẹ̀ wò dáadáa, kí ó sì ṣàlàyé ewu iṣẹ́ abẹ náà fún un lójú ẹ̀gbọ́n yín, nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ le lè fi kíndìnrín kan ṣoṣo gbé ayé. Ìfẹ́ ló mú kí ẹ̀gbọ́n yín kọ̀. Ìfẹ́ náà ló mú kí àbúrò yín gbà.