Ààrò Gáàsì Oníná Líle fún Ẹja Yíyan

Ìbéèrè: Ẹja yíyan ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́. Wẹ́dà kan bá mi ṣe ààrò gáàsì oníná líle kí ẹja lè tètè jinná. Báwo ni kí n ṣe dán an wò?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ìta gbangba ni kí ẹ ti dán an wò, nítorí pé gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá sì ń jò nínú ilé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni yóò kó jọ sí títí iná yóò fi ràn mọ́ ọn. Èyí ló jẹ wá lógún jù. Kí ẹ tó ṣáná, ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rọ́bà àti irin. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Bí ẹ bá wá ṣáná, iná búlúù ló dára. Lẹ́yìn náà, ẹ yan ẹja kan ṣoṣo: bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá jó tí inú rẹ̀ kò tíì jinná, ẹ ní kí wẹ́dà gbé àwọ̀n irin tí ẹ ń tẹ́ ẹja lé sókè sí i.