Kí ni a ń pè ní àga tó bàjẹ́? Bí ọmọdé ṣe lè fọwọ́ ara rẹ̀ kó dátà jọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́. Ọmọ 46 ni wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kíkó dátà jọ ló kàn. Lọ́dún tó kọjá, mo ya àtẹ sójú pátákó, mo kọ "ọsàn 8, ọ̀gẹ̀dẹ̀ 5" sí i, àwọn ọmọ sì dà á kọ. Wọ́n yege nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n bá mi ka àwọn àga tó bàjẹ́ ní kíláàsì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe é lọ́tẹ̀ yìí. Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí owó, ọ̀gá wa ò sì fẹ́ kí ọmọ kankan jáde sí títì. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ "dátà" yẹn ná. Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ fún ọmọ Àkúrẹ́ lónìí, èyí tí ìyá rẹ̀ ń rà sórí fóònù ló máa wá sí i lọ́kàn. Ọmọ kan ti bi mí rí pé gíìgì mélòó la fẹ́ kó jọ. Látọjọ́ náà, "àkọsílẹ̀" ni mò ń pè é fún wọn: ohun tí a fojú rí, tí a kà tàbí tí a wọ̀n, tí a sì kọ sílẹ̀ ká má baà gbàgbé. Ìgbà tí wọ́n bá ṣe é tán ni mo tó ń sọ pé dátà lorúkọ tí ìwé ń pè é.

Ẹ̀bi ọdún tó kọjá kì í ṣe ti àwọn ọmọ. Ọsàn 8 àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ 5 yẹn, ta ló kà wọ́n? Iṣẹ́ ti parí kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ibi tó sì le jù nínú iṣẹ́ yìí ni ibi tí ìwé máa ń fò: kí a tó ka nǹkan, a gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ohun tí à ń kà.

Àwọn àga yẹn gan-an ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Inú ọgbà ni wọ́n wà, ọ̀gá yín ò ní bínú. Ẹ pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ 9: mẹ́jọ ọlọ́mọ márùn-ún, ọ̀kan ọlọ́mọ mẹ́fà. (Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ 8, kó má jẹ́ 10. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.) Àga kan náà ni kí gbogbo ẹgbẹ́ kà, kí ẹgbẹ́ kan má sì yọjú wo ìwé èkejì. Ẹnì kan á máa kà, ẹnì kan á máa kọ, àwọn yòókù á máa ṣọ́ wọn kí wọ́n má ka àga kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí tí wọ́n fi ní kí oníkálùkù jókòó sílé nígbà ìkànìyàn 2006 kò jìnnà sí ìyẹn.

Iye wọn ò ní dọ́gba, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹgbẹ́ kan á ní 6, òmíràn á ní 11, ariwo á sì ta. Ẹ má pa ariwo náà, òun ni ẹ̀kọ́. Ẹ má sọ ẹni tó gbà á, ẹ má sì bá wọn ka àga. Ẹ kàn sọ fún àwọn tó ní 11 pé, "Ẹ fi ọ̀kan hàn wá nínú èyí tí ẹ kà tí àwọn wọ̀nyí ò kà." Wọ́n á mú yín dé ìdí àga kan tí ìṣó yọ lára rẹ̀. Ó ti ya aṣọ ẹnì kan rí, ṣùgbọ́n ó ṣeé jókòó lé. Ṣé ó bàjẹ́ àbí kò bàjẹ́? Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á títí. Nígbà tí wọ́n bá gbà, kí ọ̀kan nínú wọn kọ àdéhùn náà sójú pátákó, ní ẹnu ara wọn: "Àga tó bàjẹ́ ni èyí tó lè gbé ọmọ ṣubú tàbí tó lè ha á lára." Kí wọ́n padà lọ kà á. Iye á sún mọ́ra. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ méjì mú iye náà lọ fún ọ̀gá. Bóyá á pe káfíńtà, bóyá kò ní pè é, àwọn ọmọ á ti mọ̀ pé àkọsílẹ̀ ní ibi tó ń lọ.

Fún kíkọ, ìlà mẹ́rin lóòró, kí karùn-ún dábùú wọn. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa jèrè níbí. Márùn-ún márùn-ún làwọn bàbá wa ń ka owó ẹyọ: márùn-ún mẹ́rin á di ogún, wọ́n á máa tò ó lọ bẹ́ẹ̀ títí á fi kún ọ̀kẹ́, ìyẹn 20,000. Ìdì márùn-ún bẹ́ẹ̀ mẹ́rin lórí ìwé ọmọ, ogún náà nìyẹn. Mo máa ń ní kí wọ́n fi Yorùbá kà á sókè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tí kò mọ̀ ju "fọ́tì" lọ ni ẹnu ń yà pé ogún méjì ló wà nínú ogójì, ogún mẹ́ta nínú ọgọ́ta.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ bọ́ sórí wíwọ̀n. Agolo tòmátò kékeré kan àti ẹ̀wà díẹ̀ ti tó. Ọmọ tó bá ti tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí Ọjà Ọba mọ̀ pé kóńgò gàrí ti ìyá yìí kì í ṣe ti ìyá yẹn. Ẹnì kan á gbé e ga bí òkè Ìdànrè, ẹnì kan á fọwọ́ nù ún dọ́gba. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi agolo kan náà bu ẹ̀wà, kí wọ́n ka hóró rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan lè rí igba àti díẹ̀, kí òmíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀ọ́dúnrún, ọwọ́ tó bù ú ló yàtọ̀. Kí ọmọ kan láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé iye wọn dání, kí wọ́n tò láti èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù. Kí ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn tó kàn wọ́n tún jókòó, títí á fi ku ẹnì kan lórí ìdúró. Iye àárín ló dì mú yẹn. Bí ẹgbẹ́ bá jẹ́ 8 tàbí 10, ẹni méjì ló máa ṣẹ́ kù, ìjà mìíràn á dé, ẹ ò sì ní ráyè fún un lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní rúlà kí wọ́n fi nu orí agolo dọ́gba, kí wọ́n tún un kà, kí wọ́n wo bí ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn á ṣe sún mọ́ra. Lásìkò ìkórè, kòkó ni èmi máa ń lò dípò ẹ̀wà. Hóró inú èso kan sábà máa ń wà láàárín 20 sí 50, àwọn ọmọ á sì ti lá dídùn ara rẹ̀ tán kí wọ́n tó kà á.

Gíráàfù ò le mọ́ nígbà náà. Ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni kí wọ́n fi tò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìdérí kan fún àga kan, kí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo. Ìwé lè dúró di ọ̀la.

Ohun kan wà tí mo ní láti kì yín nílọ̀ fún. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, mo ní kí àwọn ọmọ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀. Ó kan ọmọbìnrin kan lẹ́yìn, ó ní "ìrẹsì àti adìyẹ." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ ilé wọn. Ìgbà ìsinmi ni mo tó mọ̀ pé kò fi nǹkan kan kẹ́nu. Mo dójú ti ọmọ ọlọ́mọ, àkọsílẹ̀ tí mo torí rẹ̀ ṣe é sì tún jẹ́ irọ́, nítorí ìbéèrè tó ń dójú tini kì í mú òótọ́ wá. Ìjọba pàápàá mọ̀ pé ìbéèrè kan lè dá ìjà sílẹ̀: nígbà ìkànìyàn 2006, wọn ò béèrè ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má béèrè oúnjẹ, iṣẹ́ òbí, tàbí iye yàrá. Àga, ẹ̀wà, ewé, òjò, ìwọ̀nyí ò lójú tí yóò tì wọ́n.

Ní ti òjò, bí àsìkò rẹ̀ bá ti dé, ẹ mú ìgò oníke tí ara rẹ̀ gún, ẹ gé orí rẹ̀, ẹ dojú orí náà kọ inú ìgò bí àrọ. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀, ẹ bu omi títí á fi bò wọ́n, ibẹ̀ ni òdo yín. Ẹ lẹ rúlà mọ́ ọn láti ibẹ̀ lọ sókè, kí ẹ gbé e síta gbangba, kó jìnnà sí igi àti ẹ̀bá òrùlé. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kí wọ́n máa kà á, kí wọ́n sì da omi tó lé kúrò. Bí òjò ò bá rọ̀, kí wọ́n kọ 0. Bí kò bá sí ẹni tó wò ó, kí wọ́n fa ìlà kékeré, kò gbọdọ̀ jẹ́ 0. Omi tí wọ́n bá bá níbẹ̀ ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ti ọjọ́ mẹ́ta ni, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá dà á nù, wọn ò gbọdọ̀ méfò. Mo ṣì ní ìwé kan nílé tí ọmọ kan kọ "Ewúrẹ́ dà á nù" sí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù kan. Lábẹ́ ẹ̀kẹta, ọmọ mìíràn fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé: "Ewúrẹ́ ọ̀gá ni."