Bi màmá rẹ léèrè kí o tó ra àgbo mìíràn

Àbúrò mi, o ní ọmọ ọdún 31 ni ọ́, o ò rí nǹkan oṣù láti oṣù márùn-ún, oyún kọ́, ìyá ọkọ rẹ sì ní ayé ló so ilé ọmọ rẹ. Ọmọ ọdún 33 ni mí nígbà tí tèmi dúró. Mo mu àgbo títí inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, mo gun òkè àdúrà. Ọdún méjì gbáko. Lóru, ooru á mú mi bí ẹni tó sùn ti ààrò, èmi ń bú NEPA.

Dókítà àkọ́kọ́ ní àròjù ni. Èkejì ló yẹ FSH inú ẹ̀jẹ̀ mi wò, họ́mọ̀nù tí ọpọlọ fi ń ta ilé ẹyin jí, lẹ́ẹ̀mejì, oṣù kan síra: ó lé ní 60. Tó bá ti ju 25 lọ, tí nǹkan oṣù ti ń ṣe ségesège fún oṣù mẹ́rin, tí obìnrin ò sì tíì pé 40, ilé ẹyin ló ń dáṣẹ́ sílẹ̀ yẹn. Ó wá bi mí pé: "Ọmọ ọdún mélòó ni màmá yín nígbà tí tiwọn dúró? Ṣé ọmọkùnrin kankan wà nínú ẹbí tí kò tètè sọ̀rọ̀?"

Mo pe màmá mi. Wọ́n dákẹ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní 36, pé ti àbúrò àwọn tilẹ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìtìjú ni wọ́n fi bò ó. Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ ò tíì já gaara lẹ́nu rẹ̀. Wòlíì mẹ́ta la ti gbé e dé.

Àṣé ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ ti wá: jíìnì FMR1, àbùdá tí à ń jogún, lórí krómósómù X, ọ̀kan lára àwọn okùn inú ara tó ń gbé jíìnì. Apá kan wà níbẹ̀ tó máa ń tún ara rẹ̀ kọ, bí ìgbà 30 lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Tó bá bọ́ sáàárín 55 sí 200, nínú obìnrin márùn-ún tó ní in, ẹyin ẹnì kan á tètè tán. Tèmi jẹ́ 88. Ó tún lè gùn sí i lára ọmọ tá a bá bí. Tó bá kọjá 200, òun ló ń ká ọpọlọ àwọn ọmọkùnrin lọ́wọ́ kò.

Kì í ṣe gbogbo wa ló jẹ́ FMR1 o. Ti ẹlòmíì, krómósómù X kan ni kò pé, tí wọ́n ń pè ní Turner. Àyẹ̀wò karyotype, tí wọ́n fi ń wo krómósómù, ló ń tú u fó. Àwọn mìíràn wà tí wọn ò rí ìdí kankan fún. Ṣe àyẹ̀wò méjèèjì, ti FMR1 àti karyotype, kódà kó o yáwó.

Bó bá jẹ́ pé ilé ẹyin tìẹ náà ló ń dáṣẹ́ sílẹ̀, má kọ oògùn họ́mọ̀nù tí wọ́n bá fún ọ; títí dé bí ọdún 50 la ń lò ó, nítorí eegun. Àbúrò màmá mi tí kò lò ó, ọmọ ọdún 52 ni wọ́n nígbà tí wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ìbàdí ṣẹ́. Ti ọmọ bíbí, bí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lóyún fúnra wọn. Èmi kò sí lára wọn, ẹyin ẹlòmíì ni mo fi bí ìbejì mi.

Pe màmá rẹ lálẹ́ òní. Tí wọ́n bá dákẹ́, má já fóònù.