Èsì: Ṣé ẹ̀rọ lè sọ bí ara Màmá ṣe rí ní Ẹ̀pẹ́?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àníyàn Màmá. Ẹ ní wọ́n ń dá gbé ní Ẹ̀pẹ́, pé "ara mi le" ni wọ́n máa ń wí lórí fóònù, bóyá ẹ̀rọ lè sọ òótọ́ fún yín.

Ó lè sọ díẹ̀. Mo fi sẹ́ńsọ̀ kékeré tó ń lo bátìrì, ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí èèyàn bá kọjá, sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná àti balùwẹ̀ bàbá mi ní Ìkòròdú. Kì í ya fọ́tò, kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Àkókò tí èèyàn kọjá nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i pé wọ́n ń dìde lọ sí balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru, wọn kì í sì í dé ilé ìdáná títí di ọ̀sán. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni! Ẹ̀rọ ò mọ ìdí rẹ̀ o, dókítà ló wá a rí.

Ìrìn ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ jù. Ẹ wọn mítà 4 nílẹ̀, kí Màmá rìn ín bí wọ́n ṣe máa ń rìn. Bó bá gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má gbára lé aago tó ń ka ìgbésẹ̀, torí ó máa ń ṣì í kà fún ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ Màmá. Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀, àfìgbà tí mo fi hàn wọ́n lórí fóònù mi pé kò sí àwòrán kankan níbẹ̀.